Má Dìde Kí Mi Lábẹ́ Mọ́tò

Ráṣídì, Àlàó mi,

A wà nílé, ara wa le, ìyá rẹ sì ní kí n bi ọ́ bóyá Bàráká ìyàwó rẹ jẹ wàrà yẹn tán kó tó kan. Gbogbo kíkí tí mo lè kí ọ nínú lẹ́tà yìí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kíkí gan-an ló kó mi sí ìdààmú tí mo fi jókòó tí mò ń kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá tó ń gbé ní Ṣàngó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ń gbé ní GRA, nínú Ìlọrin kan náà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ kí omi tó hó lórí iná. Èmi náà bi ara mi. Láti Sátidé ni mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù. Bí o bá ti gbé e báyìí, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?" Kí ló kàn mí pẹ̀lú iná yín? Ìwọ náà á ní, "Ó wà, Bàámi," èmi á ní kò burú, ọ̀rọ̀ á tán. Ìgbà tí mo rí i pé ẹnu mi kò lè gbé e, ni mo gbé bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe rí i láti òkè, torí ìwọ wà nísàlẹ̀, kò sì dá mi lójú pé ohun kan náà la jọ rí.

Ìyá rẹ ló ní kí n gbé wàrà lọ fún ìyàwó rẹ, torí oyún inú rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹ́ràn oúnjẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ìjà ni mo bá wá. Nígbà tí iṣẹ́ tuntun yìí jáde, tí wọ́n fi ilé sí i fún ọ, inú mi dùn débi pé mo ń sọ fún ẹni tí kò béèrè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé o ra mọ́tò. Mo ní álíhàmúdù. Wọ́n ní spọ́ọ̀tì káà ni, ìjókòó méjì péré ló ní. Ìwọ ọ̀kan, Bàráká ọ̀kan, ọmọ sì ń bọ̀ lọ́nà! Níbo lọmọ yóò jókòó, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì? Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tò sẹ́nu láti Ṣàngó, mo ń tún un sọ nínú kẹ̀kẹ́, dírẹ́bà kẹ̀kẹ́ ń wò mí nínú dígí.

Géètì yín wà ní ṣíṣí. Mo wọlé, mo rí mọ́tò pẹlẹbẹ yẹn lórí íńtálọ́ọ̀kì, apá kan rẹ̀ gbé sókè, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. O mọ ohùn mi. Ìyá rẹ máa ń sọ pé bí mo bá kí ará ilé wa, ilé kẹta ló ń dáhùn. Mo fi ohùn yẹn ké e pé, "Sàláámù àléékùmù! Ará ilé yìí ńkọ́?"

Mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀. "Àléékùmú sàláámù! Bàámi, ẹ káàárọ̀ o! Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. O ń fi ẹ̀yìn wọ́ jáde kíákíá, orúnkún rẹ sì gbá ọwọ́ jáàkì. Mo rí i tí jáàkì yí, tí òkúta íńtálọ́ọ̀kì tó dúró lé mì bí eyín tó fẹ́ ká. Mọ́tò bọ́.

Kò bọ́ délẹ̀. Táyà tí o ti tú, tí o sì fi sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló gbà á dúró. Àyà rẹ àti orí rẹ ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ há sáàárín rímù àti irin abẹ́ mọ́tò. Bí kò bá sí táyà yẹn ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí, Àlàó. Ẹ̀rù náà kò tíì kúrò lára mi.

Ohun tó wá dà mí lórí rú pátápátá ni èyí tó tẹ̀ lé e. O wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mọ́tò dè ọ́ mọ́lẹ̀ láti ara ẹ̀wù, o gbé orí sókè díẹ̀, o ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè dìde kí yín." Èmi náà, tí mo dúró pẹ̀lú nọ́ílọ̀n wàrà lọ́wọ́, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Kò burú. Iṣẹ́ ńkọ́?" O ní, "A dúpẹ́, sà." Mo ní, "Ìyàwó ńkọ́?" O ní, "Ó wà nínú ilé, sà." Mọ́tò wà lórí ẹ̀wù rẹ o, a sì ń béèrè àlàáfíà ara wa!

Ìgbà tí o bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ tí o yọ jáde, kí lo kọ́kọ́ ṣe? O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o tún mi kí láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwọ ẹ̀wù. Bàráká gbé omi jáde, ó ní, "Ẹ̀wù yín dà?" O ní ooru ló mú ọ. Ó wo ojú mi, èmi náà ní ooru mú lóòótọ́. A tún fi jáàkì gbé mọ́tò, a yọ ẹ̀wù, a wọlé jẹun, mo gbàgbé ìjà tí mo bá wá, mo sì padà sílé. Ṣé bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀? N kò mọ̀. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ohun kan ni mo rántí bi ọ́ kí n tó lọ. Mo ní ta ló kọ́ ọ láti fi táyà sábẹ́ mọ́tò. O ní, "Bàámi, mo kàn tì í kúrò lọ́nà ni." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ jẹun, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo wá ń bi ara mi pé kí ló fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi? Ṣé mọ́tò ni, ṣé jáàkì ni, àbí èmi? O mọ bí mo ṣe tọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń pe ọmọ. Kí n tó pa ẹnu dé, ọmọ ti dé iwájú mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kì í gba "mò ń bọ̀" láti inú yàrá. Àwọn èèyàn ń yìn wá ní àdúgbò, wọ́n ní ọmọ Bàbá Ráṣídì mọ̀wà hù. Ṣé kí n wá sọ báyìí pé ẹ̀kọ́ burúkú ni mo kọ́ ọ? Ẹnu mi kò gbà á. Ṣé kí n sọ pé ẹ̀kọ́ dáadáa ni, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ta orúnkún rẹ lu jáàkì? Ìyẹn náà kò wọ̀ mí lára. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, kò jókòó.

Mo gbìyànjú láti bi ìyá rẹ. N kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un o. Mo kàn ní, "Ìyá Ráṣídì, ṣé ọmọ lè wà ní ìdùbúlẹ̀ kó máa dá bàbá rẹ̀ lóhùn?"

Ó gbé ojú sókè nídìí ẹ̀fọ́ tó ń já. "Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín?"

Mo ní kò sẹ́ni kankan.

"Ṣé Ráṣídì ni? Ráṣídì tèmi?"

Mo ní, "Mo kàn ń béèrè ni."

Ó padà sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oòrùn ti pa yín." Ìdáhùn tí mo rí gbà nìyẹn.

Torí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo mọ̀ nípa mọ́tò, bóyá èyí tí n kò mọ̀ á tẹ̀ lé e. Mo wa mọ́tò ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, lọ́rì, píkọ́ọ̀pù, bọ́ọ̀sì, kò sí èyí tí n kò gbé sókè rí. Mọ́tò tìrẹ yìí nìkan ló ń sọ mí di ọmọ iṣẹ́.

Ilẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, táyà jò fún mi lójú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán lẹ́yìn òjò, mo gbé jáàkì lé ilẹ̀ pupa tó rọ̀, mo ń fà á sókè, mo rò pé mọ́tò ń gòkè. Jáàkì ló ń wọlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rí i, mọ́tò ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò tíì tẹ́ ẹ̀yìn sábẹ́ rẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì yín yẹn kò sàn ju ilẹ̀ òjò lọ. Òkúta tí wọ́n tò sórí yanrìn ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mì lábẹ́ jáàkì. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé yín, níbi tí wọ́n da kọnkéré sí, ilẹ̀ le, ó sì tẹ́jú. Ibẹ̀ ni kí o máa lò, kì í ṣe níwájú ilé níbi tí àwọn aládùúgbò ti lè rí i.

Fi mọ́tò sí jíà, fa háńbíréèkì, kí o sì fi igi dí táyà. Igi méjì tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, èyí tí mo fi ń dí táyà lọ́rì ni. Ó ti dúdú, ṣùgbọ́n igi gidi ni. Ní ti táyà tí o máa dí, ibẹ̀ ni orí mi tún ti dàrú. Bí mo bá gbé iwájú lọ́rì, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀. Tìrẹ, nígbà tí a tún un gbé láti yọ ẹ̀wù, iwájú la gbé, mo sì rí i tí táyà ẹ̀yìn lápá kan náà ń fò kúrò nílẹ̀! O ṣàlàyé fún mi pé ara rẹ̀ le gbagidi, pé kì í tẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé apá kejì, èyí tí kò ní kúrò nílẹ̀, ni kí o dí, níwájú táyà àti lẹ́yìn táyà. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé háńbíréèkì nìkan, torí táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú, táyà tó wà lófuurufú kò sì lè di nǹkan kan mú.

Kí o tó gbé e sókè rárá, táyà tí o bá fẹ́ tú, dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára fa sípánà lára mọ́tò tó wà lókè, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kan jáàkì fúnra rẹ̀. Mo wo abẹ́ mọ́tò yẹn, mo wá ibi tí jáàkì máa gbà wọlé, n kò rí i. Bọ́ńpà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá ilẹ̀. Irú mọ́tò wo ni wọ́n ṣe tí wọn kò rò ó pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan? Ohun tí mo lè rò ni pé kí o wá pákó méjì tó nípọn, kí o tẹ́ wọn sílẹ̀, kí o rọra wa táyà iwájú gùn wọ́n, á gbé e sókè díẹ̀ kí jáàkì rí ọ̀nà. Bí o bá sì rí jáàkì tó kúrú, tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, rà á, má lo èyí tó bá mọ́tò mìíràn wá.

Níbi tí o sì máa gbé e sí, má bi mí. Mo na ìka sí ibì kan lọ́jọ́ náà, o pariwo pé, "Bàámi, rọ́bà nìyẹn!" Mo na ìka sí ibòmíràn, o ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀. Mo káwọ́ mi padà. O ní ìwé mọ́tò náà wà lórí fóònù rẹ. Ó dáa, ìwé yẹn ni kí o tẹ̀ lé. Wọ́n á fi àwòrán hàn ọ́ níbi tí irin rẹ̀ ti nípọn tó lè gba ẹrù. Wò ó kí o tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí o bá ti dùbúlẹ̀ tán, tí ọwọ́ rẹ kún fún gíríìsì.

Àlàó, gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni kò dàrú lójú mi rárá. Iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé mọ́tò sókè. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti mú un dúró lórí ènìyàn. Ọ́ìlì inú rẹ̀ lè jò, ó lè yọ̀, orúnkún lè gbá a. Bí o bá ti gbé e sókè tán, sítáńdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gba ẹrù mọ́tò dúró, ni kí o fi sábẹ́ rẹ̀, kí o wá rọra sọ jáàkì kalẹ̀ títí ẹrù mọ́tò fi jókòó sórí sítáńdì. Má lo búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù tó gbé ilé ró máa ń fọ́ lábẹ́ mọ́tò láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé sítáńdì àtijọ́ mi jáde lẹ́yìn ilé, inú mi dùn pé mo ní nǹkan tí mo lè fún ọ. Mo fi ọ̀pá wọn gíga rẹ̀, mo rántí mọ́tò rẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kó ga tó bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ. Mo rò ó pé kí n gbé e lọ fún àwọn wẹ́dà ní Ṣàngó níbí kí wọ́n gé e kúrú. Mo tilẹ̀ ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo dá a padà. Irin tí wọ́n gé tí wọ́n tún jó pọ̀, n kò lè fi ọmọ mi sábẹ́ rẹ̀. Wá èyí tó kúrú, méjì tó jọra, tí wọ́n kọ ìwúwo tó lè gbé sára rẹ̀.

Bí ó bá ti jókòó lórí méjèèjì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Bí ó bá mì, gbé e sókè, tún un ṣe. Kó bọ́ nígbà tí o wà ní ìdúró ni mo fẹ́. Lẹ́yìn náà, táyà tí o bá tú, tì í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó gbà ọ́ sílẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀, máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Má sì dá wà nídìí rẹ̀. Ó yẹ kí Bàráká mọ ìgbà tí o bá wọ abẹ́ rẹ̀, kó máa yọjú sí ọ, kó mọ ẹni tó máa pè. N kò ní kó gbé nǹkan kan o, pẹ̀lú oyún yẹn. Ṣùgbọ́n a ti pa irọ́ ooru fún un, èmi àti ìwọ, kò sì dùn mọ́ mi. Ṣé ìwọ lo máa sọ òtítọ́ fún un ni, àbí èmi? Bí ó bá jẹ́ èmi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Sọ fún un, jọ̀wọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkí. Mo ti yí i ká títí, mi ò lè sá fún un mọ́.

Bí o bá wà lábẹ́ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni wọlé, ohùn nìkan ni kí o fi dá a lóhùn. Má sáré. Má mira. Bí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, bí ó jẹ́ bàbá Bàráká, bí ó jẹ́ Lèmọ́mù àdúgbò yín pàápàá, jẹ́ kó dúró. Bí wọ́n bá pe ìrun, jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìrun kò ní sá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ èmi, má dá mi lóhùn rárá bí ọwọ́ rẹ bá dí. Bí mo bá gbàgbé tí mo tún fi ohùn mi yẹn ké pè ọ́, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi kan náà tó ní ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń pe ọmọ. Mo mọ̀ pé á ṣòro fún ọ. Ara rẹ á ti máa dìde kí o tó rò ó, torí bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, mo sì kọ́ ọ dáadáa. Báwo ni èèyàn ṣe ń gba ohun tó ti kọ́ ọmọ padà? N kò mọ̀. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni. Wàá rí i pé n kò bẹ̀ ọ́ rí.

Ìjà ìjókòó méjì ṣì wà nílẹ̀ o, má rò pé mo ti gbàgbé. A óò jà á nígbà tí gbogbo wa bá wà lórí àga.

Ìyá rẹ tún ti ń wá wàrà mìíràn fún Bàráká, torí náà mò ń padà bọ̀ láìpẹ́, ínṣà Áláhù. Bí mo bá wọ géètì tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ mọ́tò, n kò ní lanu. Màá fa bẹ́ńṣì abẹ́ máńgòrò yín sún mọ́ ibẹ̀, màá jókòó. Bí o bá rí bàtà mi láti ìsàlẹ̀, má wí pé o ń bọ̀. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Kí n kàn rí i pé ẹsẹ̀ rẹ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Ìyẹn ti tó mi ní kíkí.

Bàbá rẹ,
ní Ṣàngó.